Apá Aṣọ Ìyá Má-wọlé

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ni: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, dígí gígùn kan, kọ́tìnnì kan tí àwọn oníbàárà ń pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Obìnrin òṣèré tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Má-wọlé, nítorí bó ṣe ń lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì nínú aṣọ tuntun. Aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò gbójú sókè.

ÒṢÈRÉ: Aránṣọ, wá wò ó. Apá mi ò lọ sókè nínú aṣọ yìí.

ARÁNṢỌ: Ṣé ó lọ síwájú?

ÒṢÈRÉ: Ó lọ síwájú díẹ̀.

ARÁNṢỌ: Ẹ lè fi jẹun?

ÒṢÈRÉ: (Ó gbé ọwọ́ lọ sẹ́nu, ó tẹ orí wá pàdé rẹ̀.) Ó kan ẹnu.

ARÁNṢỌ: Ẹ lè fi gbàdúrà?

ÒṢÈRÉ: (Ó pa ọwọ́ pọ̀ níwájú àyà.) Mo lè fi gbàdúrà.

ARÁNṢỌ: Ó parí nìyẹn. Oúnjẹ àti àdúrà. Kí lẹ tún fẹ́ fi apá ṣe láyé yìí?

ÒṢÈRÉ: Ìwọ obìnrin yìí! Aṣọ kẹta tí o máa rán fún mi nìyí. Méjì àkọ́kọ́, bí ẹni pé ara mi lo ti bù wọ́n. Kí ló wá ṣe eléyìí?

ARÁNṢỌ: Nígbà tí mo rán méjì yẹn, ẹ ò tíì máa na ọmọ ọlọ́mọ.

ÒṢÈRÉ: Mo na ta?

ARÁNṢỌ: Ẹ ń bi mí? Àná, lẹ́yìn ìròyìn. Níwájú géètì, nínú òjò, pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ tó fi ìlú bàbá ẹ̀ sílẹ̀ tìtorí ọmọ yín. Ọmọ tí ò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀ mà" lọ nínú èdè wa. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ẹ̀yin ní, "Má wọlé!" Ẹ wá gbá a létí. Gbàù!

ÒṢÈRÉ: (Ó bú sẹ́rìn-ín.) Háà! Eré yẹn lò ń sọ!

ARÁNṢỌ: Ẹ tún ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ rẹ́rìn-ín lánàá nígbà tẹ́ ẹ gbá a tán. Ẹ̀rín yẹn gan-an nìyẹn.

ÒṢÈRÉ: Fetí sílẹ̀. Nílé mi ni mo wà lánàá. Mo jókòó sórí àga, mò ń wo ara mi.

ARÁNṢỌ: Ẹ jókòó, ẹ ń wò ó! Ẹ ò lè dìde kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀?

ÒṢÈRÉ: Ó ti tó oṣù mẹ́fà tá a ti yà á!

ARÁNṢỌ: (Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.) Oṣù mẹ́fà! Láti oṣù mẹ́fà lẹ ti na ọmọ yẹn, ẹ ò tíì lọ bẹ̀ ẹ́!

ÒṢÈRÉ: Ọwọ́ mi ò tiẹ̀ kàn án. Afẹ́fẹ́ ni mo gbá.

ARÁNṢỌ: Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ.

ÒṢÈRÉ: Ọkùnrin kan ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè dún.

ARÁNṢỌ: Ẹ ń na ìyàwó ilé, ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń pàtẹ́wọ́ fún yín! Irú ìdílé wo tiẹ̀ nìyẹn, mà?

(Òṣèré fẹ́ fọwọ́ lu iwájú orí. Ọwọ́ dé ìdajì ọ̀nà, ó padà sísàlẹ̀.)

ÒṢÈRÉ: Ọmọbìnrin yẹn náà, òṣèré ni. Kò ti ìlú kankan wá. Ọmọ àdúgbò wa níbí ni, ó gbọ́ èdè wa ju èmi àti ìwọ lọ. Lọ́jọ́ tá a yà á, bá a ṣe parí báyìí, inú abọ́ kan náà la ti jẹun. Mọ́mì ló ń pè mí.

ARÁNṢỌ: (Omi ti lé ojú rẹ̀.) Mọ́mì ló ń pè yín. Lẹ́yìn gbogbo ohun tẹ́ ẹ fojú ẹ̀ rí. Ó ti jókòó kọ́ èdè wa tán, ó ti dárí jì yín, ó ń bá yín jẹun. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ ń lé! Ẹ̀gbọ́n, ọkàn yín le o.

ÒṢÈRÉ: Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ni! Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ìyá gbá ìyàwó létí." Èmi náà gbá ìyàwó létí.

ARÁNṢỌ: Tí wọ́n bá wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ́ ẹ jìn sí kànga ńkọ́?

ÒṢÈRÉ: Wọ́n kọ ọ́ rí. Mo jìn sí i.

ARÁNṢỌ: Mo rí ìyẹn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Àfi ìgbà tí wọ́n lọ fà yín jáde.

ÒṢÈRÉ: Mo gbé!

ARÁNṢỌ: Mi ò ní purọ́ fún yín, mà. Ní ìjọ wa lọ́jọ́rú, wọ́n ní ká dárúkọ àwọn tó ń da ilé onílé rú. Mo dárúkọ yín. Mo gbójú sókè báyìí, àwọn mẹ́rin mìíràn náà ti dárúkọ yín. La bá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

ÒṢÈRÉ: Ìgbà wo nìyẹn?

ARÁNṢỌ: Ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

ÒṢÈRÉ: Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo fi ẹsẹ̀ rọ́ lórí àtẹ̀gùn!

ARÁNṢỌ: (Pẹ̀lú ẹ̀rù díẹ̀.) Ọwọ́ la dárúkọ o. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹsẹ̀. (Ó ronú.) Ìyẹn lẹ ṣe ṣì lè gbá a létí lánàá. Lára aṣọ ni mo wá fi kún un.

ÒṢÈRÉ: Kí lo fi kún lára aṣọ?

ARÁNṢỌ: Abẹ́rẹ́ àti òwú. Mo jí láàárọ̀ yìí, mo tú abẹ́ abíyá, mo fi ìka mẹ́ta dín in kù lápá ọ̀tún, mo fi ìka mẹ́ta dín in kù lápá òsì. Torí mi ò mọ èwo lẹ máa fi gbá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

ÒṢÈRÉ: O mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é!

ARÁNṢỌ: Ìrán méjì-méjì ni mo rán an. Kò ní já.

(Òṣèré jókòó sórí àpótí aṣọ tí wọn ò tíì rán. Ariwo tán lẹ́nu rẹ̀.)

ÒṢÈRÉ: Jọ̀ọ́. Aago mẹ́rin ni wọ́n fún mi. Ọmọ mi fẹ́ gbéyàwó.

ARÁNṢỌ: Ìyàwó wo tún ni? Èyí tẹ́ ẹ tì mọ́ta ńkọ́?

ÒṢÈRÉ: Ọmọ mi! Tèmi! Èyí tí mo bí nínú ara mi, tó ń tún fíríìjì ṣe! Ó lọ bá àwọn èèyàn kan tún fíríìjì ṣe, fíríìjì tutù, ọkàn tiẹ̀ gbóná. Bó ṣe rí ọmọ wọn obìnrin nìyẹn. Àwọn èèyàn náà kì í ṣe ará ibí. Èdè wọn ò jọ tiwa, oúnjẹ wọn ò jọ tiwa.

ARÁNṢỌ: (Ó fò dìde, ó lọ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.) Ẹ tún ti rí òmíràn! Ẹ fẹ́ gba ọ̀dọ̀ mi lọ lé ìyẹn náà!

ÒṢÈRÉ: Èmi ni wọ́n fẹ́ lé!

(Aránṣọ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀.)

ARÁNṢỌ: Ta ló fẹ́ lé yín?

ÒṢÈRÉ: Ìyá ọmọ náà. Wọ́n ń wo eré yẹn nílé wọn. Àwọn òbí ò gbọ́ èdè wa bíi ti ọmọ, ojú mi nìkan ni wọ́n ń wò. Ìyá ní ọmọ òun ò ní dé ilé obìnrin tójú ẹ̀ rí báyẹn. Ọmọ mi ní, "Ìyá mi ò rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé." Bàbá ọmọ náà ní, "Inú ilé náà la ti rí i."

ARÁNṢỌ: Bàbá yẹn ò kúkú purọ́.

ÒṢÈRÉ: Oṣù mẹ́rin gbáko lọmọ mi fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó ní kí n wá, fún wákàtí kan péré. Tí wọ́n bá kọ̀ mí lónìí, ó tán. Ọmọ náà ò ní fẹ́ ọkùnrin tí ìyá òun ò bá fọwọ́ sí, ọmọ tèmi náà ti ní òun ò fẹ́ ẹlòmíràn. Gbólóhùn kan ni mo kọ́ nínú èdè wọn, mo há a sórí bí ọmọ ilé-ìwé. Mo máa wọlé, mo máa la apá méjèèjì, mo máa ní, "Ọmọ yín, ọmọ mi ni," kí n wá gbá ọmọ náà mọ́ra. Báyìí!

(Ó gbìyànjú láti la apá. Ìgbúnwọ́ rẹ̀ ṣí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, bíi ti adìẹ tó fẹ́ fò tó tún rò ó wò.)

ÒṢÈRÉ: Wò mí! Báyìí ni kí n ṣe wọlé tọ àna lọ? Wọ́n á ní mo fẹ́ fi ìgbúnwọ́ gún ọmọ àwọn nínú!

ARÁNṢỌ: (Ó fọwọ́ kan abíyá aṣọ náà.) Áà. Ìgbátí nìkan ni mo fẹ́ dí. Mi ò mọ̀ pé ibì kan náà ni ìgbámọ́ra ń gbà kọjá. Ẹ bọ́ ọ, mà. Ẹ bọ́ ọ kíá.

ÒṢÈRÉ: Orí ni wọ́n ń gbà bọ́ ọ.

ARÁNṢỌ: Ẹ gba orí bọ́ ọ.

ÒṢÈRÉ: Apá mi ò lọ sókè!

ARÁNṢỌ: (Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì.) Mo mà mọṣẹ́ o. Ó dáa, ẹ dúró gbọin, màá tú u sí yín lára. Ẹ má mí kankan.

(Ó fi abẹfẹ́lẹ́ kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í tú abẹ́ abíyá. Fóònù òṣèré dún nínú báàgì. Aránṣọ mú un jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ojú ọmọbìnrin kan yọ nínú fóònù. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú obìnrin àgbàlagbà kan tí kò rẹ́rìn-ín rárá.)

ÒṢÈRÉ: Ọmọ mi, ẹ káàsán o... Ẹn... Ẹn-ẹn? Ta ló ní bẹ́ẹ̀?... (Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.) Aránṣọ, wọ́n ní kí n má wá mọ́. Ìyá ẹ̀ rí ìgbátí àná. Wọ́n ti ti géètì pa.

ARÁNṢỌ: Bẹ́ ẹ ṣe ti tiyín pa náà nìyẹn.

ÒṢÈRÉ: Páálí ni géètì yẹn! (Ó bú sẹ́kún.) Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ọmọ mi báyìí, mo ti kọ́ gbólóhùn náà!... (Obìnrin àgbàlagbà sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ọmọbìnrin náà túmọ̀ ọ̀rọ̀, ojú ń tì í.) Háà!

ARÁNṢỌ: Kí ni wọ́n wí?

ÒṢÈRÉ: Ó ní bí mo ṣe sunkún gan-an nìyí lóṣù tó kọjá, nígbà tí mo díbọ́n pé mo fẹ́ kú kí ọmọ mi lè kọ ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀.

ARÁNṢỌ: (Ó tẹ orí wá wò ó.) Ó jọ ọ́ lóòótọ́.

ÒṢÈRÉ: Ìwọ náà! Ogún ọdún ni mo ti ń sunkún fún gbogbo ayé, wọ́n ń gbà á gbọ́. Tèmi gan-an wá dé, kò sẹ́ni tó gbà!

(Ó ń sunkún lọ. Ó wá ọwọ́ láti nu imú.)

ARÁNṢỌ: Ẹ dúró! Ẹ má nù ún!

ÒṢÈRÉ: Kí ni?

ARÁNṢỌ: Ikun! (Ó ti fóònù sún mọ́ imú òṣèré.) Ẹ káàsán mà! Èmi ni aránṣọ wọn. Ọmọ dáadáa, túmọ̀ ẹ̀ fún màmá ẹ bí mo ṣe ń wí i, má fo ìkankan. Mà, ẹ wo imú yìí. Láti ọjọ́ tá a ti ń wo obìnrin yìí, ṣé ẹ rí ikun nímú ẹ̀ rí? Omijé ẹyọ kan ṣoṣo ló máa ń jáde, á rọra yí lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á dúró. Ẹ wá wo tòní! Ó ti dé ètè! Ta ló lè kọ èyí sínú ìwé?

ÒṢÈRÉ: Aránṣọ, ó ti tó.

ARÁNṢỌ: Ẹ dákẹ́, mò ń tún yín ṣe. Mà, tẹ́ ẹ bá kórìíra wọn, kò lè tó tèmi. Èmi gbààwẹ̀ sí i! Apá aṣọ wọn, mo rán an pa, òun ni mò ń tú yìí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìkà tẹ́ ẹ rí yẹn, ẹlòmíràn ló ń jókòó rò ó, táá kọ ọ́, táá gbé e fún wọn kí wọ́n há a sórí. Orí tiwọn gan-an ò lè gbé e. Mo ti dì wọ́n mọ́ ibí láti aago méjì, wọn ò tíì rí èébú gidi kan bú mi! (Ó rẹ ohùn sílẹ̀.) Ìyá ni mí, mà. Ìyá lẹ̀yin náà. Èwo nínú wa ló máa jẹ́ kí àna rí òun báyìí, tí kì í bá ṣe tìtorí ọmọ?

(Ọmọbìnrin náà túmọ̀ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà obìnrin àgbàlagbà náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Ó fi ìdí ọwọ́ nu imú tiẹ̀ náà.)

ÒṢÈRÉ: (Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.) Aránṣọ... wọ́n ti ní kí wọ́n lọ ṣí géètì. Wọ́n ní kí n máa bọ̀!

ARÁNṢỌ: (Ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àjákù aṣọ.) Ọlọ́run, a dúpẹ́! Èyí ò tiẹ̀ gba ààwẹ̀! (Ó gbójú sókè, ó rí ojú òṣèré.) Kí ló tún dé?

ÒṢÈRÉ: Wọ́n ní kí n mú ọkọ mi dání.

ARÁNṢỌ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n wọṣọ.

ÒṢÈRÉ: Kì í ṣe bàbá ọmọ mi. Ọkọ mi inú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn, tó ń yọ́ gbé abúrádà lọ fún ìyàwó níta géètì, òun làwọn fẹ́ bá di àna.

ARÁNṢỌ: (Ó ti padà sídìí abíyá, ó ń tú u.) Àwọn èèyàn yìí lójú inú o. Òun lèmi náà ìbá mú.

ÒṢÈRÉ: Bàbá ọmọ gidi wá ńkọ́? Ó ti wọṣọ láti àárọ̀, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń retí mi!

ARÁNṢỌ: Ẹ ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀, mà. Ta ló mọ̀ wọ́n?