Ìkòkò Tábà Láyíwọlá

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé èéfín nìwà, kò ṣeé fi aṣọ bò? Ẹ má bi mí bóyá òwe yìí ti wà kí fóònù tó dé o. Ẹ ṣáà jókòó.

Pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan wà ní Abẹ́òkúta. Pákó ni ilẹ̀ òkè rẹ̀, pákó ni àtẹ̀gùn rẹ̀, wáyà iná rẹ̀ sì dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti bá ọkọ rẹ̀, Láyíwọlá, gbé títí ikú fi mú ọkọ náà lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sán, bó bá jẹun tán, Àwẹ̀ró á ti ilẹ̀kùn, á tan iná sí ìkòkò tábà ọkọ rẹ̀, á gbé e sórí àga olóògbé. Kì í fà á. Òórùn yẹn ló ń fẹ́. Bí èéfín bá ti ń lọ sókè, ọ̀rọ̀ á máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀: “Bàbá Ìdòwú, ẹ̀fọ́ òní ò dùn tó tàná.”

Àfi bí ọmọ ọmọ rẹ̀, Ṣíjúadé tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣe kó nǹkan dé. Ó funfun, ó rí pẹlẹbẹ bí ìdérí ìkòkò, àjà ni wọ́n ń kàn án mọ́. Bó bá gbóòórùn èéfín, á kígbe orúkọ yàrá náà, á tún kọ ọ́ sórí fóònù gbogbo ará ilé.

Lámídì, àbúrò Láyíwọlá, tó jẹ́ olórí ẹbí, ní, “Òkè nìkan ti tó. Kí àwọn ayálégbé ìsàlẹ̀ bójú tó ara wọn.”

“Bàbá kékeré, ṣé iná máa ń béèrè onílé kó tó jó ayálégbé ni? Yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Tiyín náà ńkọ́!” ni Ṣíjúadé fèsì.

Ó kàn án káàkiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ figbe ta: “Èéfín! Yàrá Màmá Àgbà!” Onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ sáré jáde, oníbàárà rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú orí tí wọ́n fá dé ìdajì.

“Èèpo ọsàn ni mo ń sun fún ẹ̀fọn,” ni Àwẹ̀ró wí.

“Ẹ̀fọn ọ̀sán gangan?” ni Lámídì dáhùn.

Lọ́jọ́ kẹta, Àwẹ̀ró fi fìlà Láyíwọlá bo ẹ̀rọ náà. Fóònù gbogbo ilé dún: “Wọ́n ti bò mí lójú ní yàrá Màmá Àgbà.”

Lámídì já wọ yàrá náà, ó gba ìkòkò tábà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. “Ìyàwó, ilé pákó nìyí! Ẹnikẹ́ni tí èéfín bá tún rú ní yàrá rẹ̀, á kó jáde. Bó bá ṣe ìwọ, ọ̀dọ̀ Ìdòwú ọmọ rẹ ní Jọ́ọ̀sì yá.”

Lọ́jọ́ kẹrin, Àwẹ̀ró jókòó ti àga òfìfo. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́, ọ̀rọ̀ ò wá. Ibẹ̀ ló wà tí ẹ̀rọ fi ké: “Èéfín! Yàrá Bàbá Lámídì!”

Gbogbo ilé rọ́ gòkè. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ló dìde dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, èéfín ń yọ ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣíjúadé fà á kúrò: Lámídì rèé, ìkòkò tábà lẹ́nu, omi lójú, ikọ́ lọ́fun.

“Ẹ̀fọn ni,” ló wí.

“Ẹ̀fọn ọ̀sán gangan, Akọ̀wé?” Orúkọ tí Àwẹ̀ró ti ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ nìyẹn.

Lámídì dorí kodò. “Òórùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ gbọ́, Ìyàwó. Ó ti pẹ́ jù.”

“Òfin ò mọ olórí ẹbí,” ni Ṣíjúadé wí. “Ẹ di ẹrù yín, Bàbá kékeré.”

Àmọ́ Àwẹ̀ró ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fa òórùn èéfín náà símú. “Kò ní í lọ síbi kankan. Àga ni kó bá mi gbé lọ sẹ́yìnkùlé.”

Láti ọjọ́ náà, àga mẹ́ta ló ń wà lẹ́yìnkùlé lọ́sọ̀ọ̀sán, jìnnà sí pákó, pẹ̀lú garawa yanrìn tí onígbàjámọ̀ gbé síbẹ̀. Àwẹ̀ró lápá kan, Lámídì lápá kejì, ìkòkò tábà lórí àga àárín. Wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́. Ẹni tó ń kọjá lọ́nà á gbóòórùn, á sì mọ̀ pé wọ́n ń ṣàárò ẹnì kan níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní: èéfín nìwà, kò ṣeé fi aṣọ bò, ì báà ṣe bùláńkẹ́ẹ̀tì olórí ẹbí.