Òkú Tí Láwùyì Bá Nínú Kòkó

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé níbo ni àwọn àgbà ìlú Arómiléwé ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé, "Ẹni tó bá gba ilẹ̀ onílẹ̀, kó gba òkú inú rẹ̀ mọ́ ọn"? Èmi bi ara mi. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sinmi, àfi ìgbà tí mo rí ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́rìn-ín títí kó gbàgbé pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Láwùyì, ọmọ Ajítòní, fa pèrègún ààlà tó wà láàárín oko tirẹ̀ àti ti opó kan tu, ó sì lọ rì í mọ́ àárín oko kòkó opó náà. Olè ni. Kò sí orúkọ mìíràn tó ń jẹ́.

Ìyá Mosúnmọ́lá ni opó náà. Kòkó yẹn nìkan ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Òun ló ń jẹ, òun ló ń mu, òun ló fi tọ́ ọmọ. Lásìkò tí mò ń wí yìí, ó ti lọ sí Ìlọrin, ó lọ bá Mosúnmọ́lá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tọ́jú ìkókó.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ìgbà yẹn ni Láwùyì rántí ààlà? Ìjọba fẹ́ la títì gba ibẹ̀ ni. Òfin wọn ni pé ọwọ́ ìjọba ni ilẹ̀ wà. Bí wọ́n bá nílò rẹ̀, wọ́n lè gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ san owó ohun tó wà lórí rẹ̀ fún ẹni tó ni ín, ìbáà ṣe kòkó, ìbáà ṣe ilé. Láyé àtijọ́, inú fáìlì tí ikán ti jẹ dé ìdajì ni wọ́n ti ń wá orúkọ onílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rán àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì ojú ọ̀run sọ̀rọ̀. Ibi tí onílẹ̀ bá rìn yí ká ni ẹ̀rọ yóò yà, yóò sì wọ inú kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà tó dára ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run jìnnà. Sátẹ́láìtì lè rí pèrègún, kò lè rí ọwọ́ tó gbìn ín.

Ẹ sì mọ pèrègún. Ẹ gé e, ẹ fi gún ilẹ̀, yóò hù. Kí àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó dé, ti Láwùyì ti ń yọ ewé tuntun. Àwọn ará àdúgbò rí i, wọ́n ní ẹnu àwọn kọ́ ni wọn yóò ti gbọ́ ọ. Ìtìjú tiwọn náà nìyẹn.

Ọ̀gá àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Màdáámú Ògúnṣíjì, tẹ̀ lé Láwùyì kọjá lábẹ́ kòkó. Láwùyì ń gbẹ́sẹ̀ bí ọba. Àfi bí Màdáámú ṣe dúró lójijì.

"Bọ̀dá, kí nìyí?"

Oórì ni. Koríko ti bò ó. Láwùyì tó gba oko kò fara balẹ̀ wo inú oko náà rí. Kò mọ̀ pé inú abà oko yìí ni ọkọ opó náà kú sí, abẹ́ kòkó rẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí.

"Oórì ta ni?" ni Màdáámú tún béèrè. "Orúkọ ẹbí tó ni òkú la máa ń kọ. Bí òkú kì í bá ṣe tiyín, a ó fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ títí ẹni tó ni ín yóò fi yọjú."

Láwùyì dá a lóhùn. "Bàbá mi ni."

"Ẹ kú ìrọ́jú o."

"Ó ti pẹ́, mà. Ọgbẹ́ rẹ̀ ti ń san."

Ẹ gbà mí! Ajítòní, bàbá rẹ̀, wà ní ojúde Baálẹ̀ tó ń ta ayò. Kó tó rí ẹyọ ayò kan jẹ, wọ́n ti wá kí i kú ikú ara rẹ̀. Bàbá gbé ọ̀pá, ó di inú oko.

"Láwùyì! Wọ́n ní o ti sin mí. Wá fi ibi tí mo sùn hàn mí."

"Bàbá, ẹ rọra. Inú kọ̀ǹpútà nìkan lẹ ti kú."

"Kọ̀ǹpútà wo ló ń pa ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àsáró tán?"

Màdáámú ní òun kò lè kọ orúkọ ẹni tó dúró lórí oórì pé òun ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí Láwùyì ti jẹ́wọ́. Irọ́ kejì ló pa láti fi ti ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn.

"Àṣìsọ ni, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin."

Bàbá rẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Màdáámú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí, èyí náà kò sì wú mi lórí. Ṣùgbọ́n bó bá ní ẹ̀gbọ́n òun ni, ẹ bá a kọ ọ́. Kí ẹnìkan pe opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálé."

Wọ́n pè é lórí fóònù, wọ́n sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Mosúnmọ́lá dé tẹrùtẹrù. Kò yà sí ilé tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Láwùyì ló sọ ẹrù kalẹ̀ sí, ó sì kúnlẹ̀ fún un níwájú Màdáámú àti gbogbo èrò tó ti pé síbẹ̀.

"Àbúrò ọkọ mi, ẹ kú ilé o! Gbogbo ọdún tí mo fi ń dá sùn, n kò mọ̀ pé ọkọ mi ní àbúrò. Ó yá, ẹ wá ṣú mi lópó."

Àṣàkẹ́, ìyàwó Láwùyì, gbọ́ láti ìdí ààrò. Tòun ti omorogun ló jáde. "Ta ni yóò ṣú ta?"

"Ìyàwó wa, ọkọ wa ni kó o bi. Èmi kọ́ ni mo wá a, òun ló wá mi." Opó náà yíjú sí Màdáámú. "Ẹ bá mi kọ àwọn yòókù náà. Ìyá ọkọ mi wà lábẹ́ obì, bàbá ọkọ mi wà nítòsí orógbó. A kò tíì ṣe òkú wọn tán. Ọkùnrin ilé la ń retí."

Màdáámú kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Kí katapílà tó wọlé, ẹbí tó ni òkú ni yóò hú wọn, tí yóò tún wọn sin sí ibòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn la ó sanwó kòkó. Bọ̀dá, ó yá."

Wọ́n fi ọkọ́ lé Láwùyì lọ́wọ́. Ìlú jókòó sábẹ́ kòkó, wọ́n ń wò ó. Láwùyì yìí, bí wọ́n bá ń gbé pósí kọjá, abẹ́ ibùsùn ló ń sá sí. Ó gbé ọkọ́ sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ó tún gbé e. Òógùn bò ó.

"Ẹ rọra o," ni opó náà wí. "Nígbà tó wà láàyè, ọkọ mi kì í fẹ́ kí wọ́n jí òun lójijì. Ìbínú rẹ̀ kò dáa."

Ọkọ́ bọ́. Láwùyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ewé kòkó, ó ń pariwo:

"Ẹ̀yin ará Arómiléwé, olè ni mo jà! Èmi ni mo fa pèrègún tu. Màdáámú, ẹ pa orúkọ mi rẹ́. Ìyá Mosúnmọ́lá, ilẹ̀ yín ni, kòkó yín ni, ẹ dárí jì mí. Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí. Kí gbogbo yín lọ sọ fún àwọn ọmọ yín pé ẹni tó bá gba ilẹ̀ onílẹ̀, kó gba òkú inú rẹ̀ mọ́ ọn. Èmi ò lè gbé òkú. Ẹ gba ilẹ̀ yín!"