Akọpẹ Tí Igbà Rẹ̀ Kò Ká Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "àkàrà tú sépo" nígbàkigbà tí àṣírí ẹnìkan bá tú, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ẹni tó ni àkàrà náà? Ẹ kò mọ̀. Ẹ kàn ń sọ ọ́ lẹ́nu ni. Ó dáa, ẹ jókòó. Bí ẹlòmíràn bá sì sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, irọ́ ló ń pa.

Látúndé ni orúkọ ọkùnrin náà. Akọpẹ ni ní Abà Ọlọ́pẹ, òun ló ń bẹ́ gbogbo ẹyìn ibẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé igbà ni akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ, okùn tó ń fà yí ara rẹ̀ àti igi ká. Bàbá Látúndé ló fi igbà tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àmọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ikùn Látúndé ń yọ síwájú, igbà kò sì gùn sí i. Lọ́jọ́ kan, ó fà á títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, orí okùn méjèèjì kò kanra.

Ẹnìkan ní kó wá igbà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Baálẹ̀ ní, "Okùn lè gùn. Ta ni yóò bẹ ọ̀pẹ kó má wó? Látúndé, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fún ọ. Bí igbà yìí kò bá ká ọ, akọpẹ abà kejì ni màá fa àwọn ọ̀pẹ náà lé lọ́wọ́."

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀dé, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. "Bàbá Bọ́sẹ̀dé, láti òní lọ, ẹ̀kọ kan láàárọ̀, ẹ̀fọ́ tí kò lépo lálẹ́. Iyán ti parí."

"Àkàrà ńkọ́?"

"Ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀!"

Kí ọkọ rẹ̀ má baà dá ìyà náà jẹ, òun náà bá a jẹ ẹ̀fọ́ aláìlépo. Irú ìyàwó yìí ṣọ̀wọ́n, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ mi.

Láràárọ̀ ni Látúndé ń sọ pé òun ń lọ roko kí ọ̀rá lè yọ́. Ọkọ́ wà léjìká lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ṣiyanbọ́lá alákàrà ti ń dúró dè é ní ahéré, pẹ̀lú ogún àkàrà gbígbóná nínú ewé. "Oko ni mo ti jẹ ẹ́," ló ń sọ fún ara rẹ̀, "kì í ṣe ilé."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, wọ́n fi igbà wọ̀n ọ́n lójú Baálẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín orí okùn méjèèjì ti fẹ̀ sí i! Ìyá Bọ́sẹ̀dé ní tirẹ̀ ti rù, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún ìró ró kó má baà já bọ́ nídìí rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. "Àbí ẹ̀fọ́ mi ni kò dáa ni? Èmi ń jẹ ẹ̀fọ́ mò ń rù, ẹ̀yin ń jẹ ẹ́, ẹ̀ ń sanra!"

Ojú ti Látúndé, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó pinnu níbẹ̀ pé òun kò ní jẹ àkàrà mọ́, tó bá ti kúrò lórí ti ọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣiyanbọ́lá ń kánjú. "Ọmọ mi ti bímọ, mo ń lọ bá a wẹ ọmọ tuntun. Ẹ̀wà lílọ̀ rèé, epo rèé. Ẹ po ó dáadáa kí ẹ tó dín in. Ẹ má bu omi sí i o!"

Látúndé wo ẹ̀wà náà. Kò ju ìdajì igbá lọ. Ṣé èyí ni àkàrà ìdágbére? Ó bu omi díẹ̀ sí i, ó pọ̀ sí i. Ó tún bu omi. Igbá kún, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé òun gbọ́n ju gbogbo alákàrà ayé lọ.

Ó da ṣíbí kan sínú epo, ó fọ́n ká. Ó da èkejì, ó fọ́n ká. Inú bí i, ó da gbogbo igbá náà sí i lẹ́ẹ̀kan. Epo ru hùù, ó kún wọnú iná, iná sì fò mọ́ òrùlé ahéré.

"Oko Látúndé ń jó o!" Gbogbo abà gbé omi, wọ́n sáré. Ìyá Bọ́sẹ̀dé ló ṣíwájú, ó fọwọ́ kan di ìró mú. "Ẹ gba ọkọ mi o! Ebi ti pa á, kò lágbára àtisá!"

Wọ́n pa iná. Wọ́n bá Látúndé lẹ́bàá agbada, eérú bo gbogbo ara rẹ̀, ó ń fi ṣíbí ṣa èérún inú epo, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń jẹ ẹ́, ó ń sunkún.

"Bàbá Bọ́sẹ̀dé," ni ìyàwó rẹ̀ pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "kí ló ṣẹlẹ̀?"

Gbogbo èèyàn ń retí kó jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò rántí igbà, kò rántí Baálẹ̀. Ó nawọ́ sí agbada. "Àkàrà tú sépo ni o! Gbogbo rẹ̀! Kò ku ẹyọ kan!"

Ìyá Bọ́sẹ̀dé kò bá a jà. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó sì ṣa gbogbo èérún náà jẹ tán lójú rẹ̀. Baálẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún náà pé, akọpẹ abà kejì ló gba àwọn ọ̀pẹ náà. Látúndé wá di ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa ẹyìn nísàlẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀hún ló sì mú ikùn náà wọlé, nígbà tí kò wúlò mọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́ bá bọ́ sọ́wọ́, àwọn àgbà kì í béèrè ẹjọ́ lọ títí. Wọ́n á wo ẹnu rẹ̀, wọ́n á wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á ní àkàrà tú sépo.