Ìpara Irun Nínú Bíréèkì

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tó jẹ́ pé òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ọkọ̀ aṣekéèkì ló wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, táyà iwájú kan ń rú èéfín, àwọn ìjòyè sì ń fọwọ́ bomú. Aṣekéèkì ló pẹjọ́. Àbúrò rẹ̀, onígbàjámọ̀, ló pè lẹ́jọ́.

"Kí lo fẹ́?" ni Kábíyèsí bi í.

"Kí ẹ já okùn ọmọ ìyá tó so wá pọ̀. Láti òní lọ, kó má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Ẹ̀rù ba onígbàjámọ̀. Ìyá wọn ti kú tipẹ́, obìnrin yìí ló fi owó kéèkì tọ́ ọ dàgbà. Kò ní ẹ̀gbọ́n mìíràn láyé, ó sì mọ̀ pé èyí tó ní kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

"Kí ló ṣe ọ́?" ni Kábíyèsí bi aṣekéèkì.

"Bíréèkì mi ń han, Kábíyèsí. Mo ní mò ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, àbúrò mi ní ta ló ń jẹ́ mẹkáníìkì. Ó tú táyà lẹ́yìnkùlé mi, ó pààrọ̀ páàdì tó ń di táyà mú, ó dì í padà. Lọ́jọ́ kejì mo gbé kéèkì ìgbéyàwó. Mò ń tẹ ọkọ̀ kó sáré, ńṣe ló ń wọ́ bí ẹran tí wọ́n so lókùn. Kí n tó débẹ̀, èéfín ti wọ kéèkì. Ìyàwó tọ́ ọ wò, ó ní ṣé táyà ni mo fi ṣe é."

Kábíyèsí kọjú sí onígbàjámọ̀. "Kí lo fi síbẹ̀?"

"Kábíyèsí, iṣẹ́ mi mọ́. Àwọn irin kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń rìn wọlé rìn jáde nínú rọ́bà. Wọ́n ti gbẹ bí orí tí kò rí ìtọ́jú. Ohun tí mo ń fi sí orí gbígbẹ náà ni mo fi sí i."

"Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

"Ìpara irun."

Ìjòyè kan tó pá lórí rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́.

"Ṣé kò sí gíríìsì ni?"

"Gíríìsì ń rùn. Ìpara mi ń ta sánsán. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń kẹ́. Kéèkì tó sì dé ibi ìgbéyàwó ní gbígbóná, ṣé ìyẹn náà wá di ẹ̀ṣẹ̀?"

Ẹlẹ́rìí rẹ̀ dìde. Oníbàárà rẹ̀ ni, wọ́n pe ẹjọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń gẹrun fún un lọ́wọ́, ìdajì orí rẹ̀ ń dán, ìdajì kejì kún.

"Kò sóhun tó ṣe ọkọ̀ náà, Kábíyèsí. Mo ti gùn ún."

"Ó gbé ọ dé ibo?"

"Kò gbé mi débì kan. A jọ tì í ni."

"Ó lọ?"

"Rárá o. Ó dúró gbọn-in. Bíréèkì tó dáa nìyẹn."

"Irọ́ ni," ni obìnrin kan tó ń gbé nítòsí aṣekéèkì wí. "Ó lọ, mo fojú mi rí i. Iná ń jó lábẹ́ ẹ̀."

"Iná ni àbí èéfín?"

"Èéfín ni, Kábíyèsí. Àmọ́ mo ti pariwo iná fún gbogbo àdúgbò, ojú ń tì mí láti yí i padà."

Kábíyèsí ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì dé, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó yí táyà, táyà kọ̀. Ó fa irin kékeré náà yọ, rọ́bà rẹ̀ ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn.

"Ọ̀rá inú ìpara ló wú u," ni mẹkáníìkì wí. "Ó há irin mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, ó mú táyà. Tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, kò tú u sílẹ̀, ó ń jó ara rẹ̀ lọ."

Onígbàjámọ̀ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà ò wò ó.

"Onígbàjámọ̀, o jẹ̀bi," ni Kábíyèsí wí. "Wàá ra rọ́bà àti páàdì tuntun, mẹkáníìkì ni yóò sì fi ọwọ́ kàn án. Títí irun oníbàárà rẹ yìí á fi gùn dọ́gba, orí itan rẹ ni kéèkì ẹ̀gbọ́n rẹ á máa jókòó sí. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá kí táyà kọ̀ọ̀kan, wàá bi í bóyá ara rẹ̀ ń gbóná."

"Kábíyèsí, èmi ńkọ́?" ni onídajì orí bẹ̀bẹ̀.

"Ìwọ ni kàlẹ́ńdà wa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irun rẹ. Aṣekéèkì, kí ni mẹkáníìkì ní ó ṣe ọkọ̀ rẹ?"

"Ó ní wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò, kò tú sílẹ̀."

"Láti ìgbà wo lo ti ń bínú?"

"Láti ọjọ́ ìgbéyàwó."

"Ta ló wá ń jó ara rẹ̀?"

Aṣekéèkì wo táyà rẹ̀.

"Mi ò já okùn yín. Ẹ gbé èéfín yín kúrò láàfin mi."

Níta, tẹ̀gbọ́n tàbúrò gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀rù ṣì ń ba onígbàjámọ̀ láti la ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tì í."

"Mò ń tì í," ni obìnrin náà dáhùn, kò sì ta ko orúkọ ẹ̀gbọ́n.

Ọkọ̀ ò mira.