Họ́ọ̀nù Ló Dití

Mùyídéènì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo tán, ó wá kó họ́ọ̀nù ńlá méjì tí ilé sinimá àtijọ́ kan ní Iléṣà fi ń gbé ohùn jáde wá sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun, ó so wọ́n mọ́ rédíò, ó ní òun ń tún wọn ṣe. Láti ìgbà náà ni Sikirat ìyàwó rẹ̀ ti ń pariwo kí ọkọ rẹ̀ tó gbọ́ ọ, títí ohùn rẹ̀ fi há. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pe Sikirat lórí fóònù láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, níbi tí Rùkáyà ọmọ wọn ń gbé, ó sì sáré wọ pálọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Bàbá Rùkáyà, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan."

Ọkùnrin náà ń fi sáńpépà ha ibi tó ti dípẹtà lẹ́nu họ́ọ̀nù.

"Ó dáa tí o dé. Wo ẹ̀yìn ẹ̀. Mo ti fi tíúbù táyà lẹ̀ mọ́ ọn yíká, kí irin má baà máa dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó kù ni pé ẹni tó ń ka ìròyìn nínú ẹ̀ ṣì ń kùn."

"Ó ń kùn? Gbogbo Ìdó-Ọ̀ṣun ló gbọ́ ìròyìn àná, àfi ẹni tó tan rédíò."

"Hẹn-ẹn. Ìwọ náà gbà pé ó ń kùn."

Sikirat mí kanlẹ̀.

"Rùkáyà ti bí."

"Ó bì? Kí ló jẹ?"

"Kò jẹ nǹkan kan. Ó bí ni mo wí. Ó bí méjì."

"Lẹ́ẹ̀mejì? Inú ló ń run ún nìyẹn. Ní kó fi iyọ̀ sómi, kó mu ún."

"Ìbejì, Bàbá Rùkáyà. Ìbejì."

"Ìbẹ́pẹ. Mo mọ̀. Ta ló ń gbé ìbẹ́pẹ dúdú fún aboyún? Ìwọ lo bà á jẹ́ láti kékeré."

"Ẹ ṣeun, èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ ká kúkú lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ etí yín wò."

"Ọjọ́ Ẹtì kẹ̀? Àlàmísì la wà. Ẹni tó ń bì kì í dúró dọjọ́ Ẹtì, òní ni kó lọ."

"Etí ni mo wí. Àwọn méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí yín."

"Etí mi ò ṣe nǹkan kan. Họ́ọ̀nù yìí ló dití."

"Òótọ́ ni. Mo ti fẹ́ máa bá a kẹ́dùn."

Mùyídéènì tú ìdí họ́ọ̀nù náà, ó yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní wáyà kan ti já tí òun fẹ́ fi léèdì jó. Ó wá ku irin lásán, ẹnu gbàgàdà níwájú, ihò kékeré lẹ́yìn, bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo.

Sikirat wo irin náà. Ó wo etí ọkọ rẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gbé irin, ó ti fi ihò kékeré yẹn tì í létí, ó sì ti ki ojú bọ ẹnu ńlá níwájú. Ohùn rẹ̀ tó há kò ga ju ti ẹni tó ń ṣe àdúà lọ.

"Rùkáyà bímọ láàárọ̀ yìí. Ìbejì ni. Ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ara wọn le, ìyá àtọmọ. Ó ní ẹ̀yin ni kí n kọ́kọ́ sọ fún."

Sáńpépà bọ́ lọ́wọ́ Mùyídéènì.

"Ìbejì?"

"Ìbejì."

"Alihamudulilahi."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ìpẹtà sì kùn ún lójú. Sikirat ní ọ̀rọ̀ gbígbóná kan tó ti ń tọ́jú, ṣùgbọ́n kò rí i mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ọkọ rẹ̀ sì gbọ́.

"Ṣé ẹ wá gbà báyìí?" ó bi í láti inú irin.

"Kí ló dé tí mi ò ní gbà? Mo ti ń wí láti ọjọ́ yìí pé họ́ọ̀nù ló ń ṣe wá, ìwọ ń dá etí mi lẹ́bi. Gbọ́ bó ṣe mọ́ gaara lẹ́yìn àtúnṣe."

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ó ku ìkejì. Bí mo bá tún ìyẹn náà ṣe, ohun tí o ò tíì sọ gan-an, màá máa gbọ́ ọ."

"Ẹ dákun, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí mi ò tíì sọ yẹn ló jẹ́ ká ṣì jọ wà nínú ilé kan."