Jíìpù Tó Fi Ẹ̀yìn Gbé Ìyàwó Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó, ọjọ́ tí mo fi jíìpù gbé àbúrò ìyàwó mi lọ ṣe ìgbéyàwó, tí ìlú Ìdó dúró wò mí bí ẹni ń wo ọ̀bọ tó wọ kóòtù.

Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀yẹ́ nígbà náà, ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Mo ní oko kókó díẹ̀ lọ́nà Ìgbólé, bí òjò bá sì ti rọ̀, kò sí awakọ̀ tó fẹ́ débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú mi fi wọ jíìpù àtijọ́ kan tó wà lábẹ́ igi máńgòrò opó kan ní Ìkọ̀lé. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń fa ara rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀, kì í ṣe méjì. Wọ́n sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lókè òkun ti kógbá sílé tipẹ́, pé n kò ní rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà níbì kankan. Mo gbọ́, ó yé mi, mo sì rà á. Opó náà gbé adìyẹ tó ń sàba lórí ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ó ní, "Tíṣà, ọkọ̀ yìí ò ní já yín kulẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà tó bá wù ú ló máa hù."

Ìwà náà pọ̀. Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, fèrè á ké fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi kì í ṣí, ojú fèrèsé ni èmi baba ọlọ́mọ mẹ́ta ń gbà jáde. Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ han bàbá ìyàwó mi ní Ìlógbò, ìró fèrè la fi wọ àgbàlá, ṣòkòtò mi sì ya bí mo ṣe ń fò sílẹ̀. Bàbá wò mí látòkè délẹ̀. "Bàbá Dàre, ṣé ulé adìyẹ lo wá fowó rà?"

Ìyàwó mi sáré wọlé kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ìgbà tí ìgbéyàwó Fúnmi, àbúrò rẹ̀, dé ni nǹkan yí padà. Ìdó ni ṣọ́ọ̀ṣì wà, pásítọ̀ ibẹ̀ kò sì gba gbẹ̀rẹ́: ìyàwó tó bá pẹ́ yóò bá géètì ní títì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òjò rọ̀ bí ẹni fi koto da omi. Ọkọ̀ tí wọ́n háyà rì sínú ẹrẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìlógbò. Fúnmi jókòó nínú aṣọ funfun, ó ń sunkún, Bàbá ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó rọra sún mọ́ mi. "Àna mi, ọkọ̀ rẹ ńkọ́?"

Ẹ wo bí mo ṣe wú! Bàbá jókòó níwájú, Fúnmi àti ìyàwó mi wà lẹ́yìn. Jíìpù la ẹrẹ̀ já bí ẹja nínú odò. Mo juwọ́ sí awakọ̀ tó rì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Bí a ṣe ń wọ Ìdó báyìí, nǹkan dún "kàà!" lábẹ́ wa. Gbogbo jíà kọ̀, àfi èyí tó ń lọ sẹ́yìn. Òjò sì tún dé.

"Fúnmi, ẹ̀yìn nìkan ló ń lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yìn ò lè dé ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Mo fi ẹ̀yìn yí po ní pápá kan títí ìdí ọkọ̀ fi kọjú sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, a sì gbéra. Fúnmi kúnlẹ̀ lórí ìjókòó, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń pàṣẹ: "Ẹ yà sósì! Ẹ̀gbọ́n, ewúrẹ́!" Bí mo bá ti yà sọ́tùn-ún, fèrè á gba gbogbo àdúgbò kan. Ẹnì kan pariwo pé, "Ṣé wọ́n ń lọ ni àbí wọ́n ń bọ̀?" Èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wa nínú òjò.

Wọ́n ń ti géètì lọ́wọ́ nígbà tí ìdí jíìpù yọ. Ẹni tó ń tì í fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, a wọlé, a fọ́ ìkòkò òdòdó kan, a dúró. Pásítọ̀ jáde, ojú rẹ̀ le koko. Mo ti yọ ara dé ìdajì lójú fèrèsé nígbà náà.

"Ẹ kú àárọ̀, sà," ni mo wí. "A ti dé."

Kò tíì fèsì tí Bàbá fi bọ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà. "Pásítọ̀, ẹ bá wa gbàdúrà. Ìgbẹ̀yìn àwọn ọmọ yìí á dára."

Ẹ̀rín pa pásítọ̀, ó pa gbogbo èrò, gbogbo wọn sì ṣe "Àmín." Wọ́n so Fúnmi àti ọkọ rẹ̀ pọ̀ láàárọ̀ yẹn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn tó ra ọkọ̀, kó kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹbí ọkọ̀ náà ṣì wà láyé. Mo kọ́ ọ dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí mo rí irú rẹ̀ mìíràn nínú igbó kan ní Ìfàkì, mo búra fún ìyàwó mi pé n ó kàn tú ẹ̀yà ara rẹ̀ lò ni. Àfi bí mo ṣe dán ẹ́ńjìnnì wò tó sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà! Ta ló máa pa ohun tó ṣì ń mí? Odindi ni mo wà á wálé. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi ní ìtìjú díẹ̀ nínú.