Olóògbé Inú Réfẹ́rẹ́ǹsì

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Àánú ní Igbó-Elérin ò tóbi ju ilé ẹyẹlé lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìjọ aláṣọ funfun kan láti Ìbà dé Òkòkòmáikò tí kì í gbé ètò ìsìnkú wá síbẹ̀ fún un láti tẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Gbóyèga ló já wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ saikọ́lọ́jì tó mọ gbogbo nǹkan láyé, àfi bí a ṣe ń gbé omi jìnnà sí láptọ́ọ̀pù. Òní ni súpáfáísọ̀ rẹ̀ ní kí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn. Bí wọ́n bá buwọ́ lù ú, yóò jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ lọ́dún yìí. Bí wọn ò bá buwọ́ lù ú, ó di àmọ́dún. Réfẹ́rẹ́ǹsì nìkan ló kù, ìyẹn orúkọ àwọn tí Gbóyèga ka ìwé wọn, tó ti fọwọ́ kọ fún Ìyá Àánú lánàá.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé réfẹ́rẹ́ǹsì mi ti jáde?"

"Káàárọ̀, ọkọ mi. Ó ti jáde. Ẹkún ni mo fi tẹ̀ ẹ́."

"Ẹkún kẹ̀? Ṣé ẹ lo APA tí mo kọ ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù?"

"Mo lò ó. Apá ọ̀tún ni mo lò. Tòsì ń ro mí láti ọjọ́ Àìkú."

"Kì í ṣe apá, Màmá. APA!"

"Àpà?" Ìyá Àánú bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta lò ń pè ní àpà? Èmi tí mò ń fi ẹ̀yìn bébà àná tẹ iṣẹ́ òní?"

Gbóyèga mí kanlẹ̀, ó wá fi ohùn olùkọ́ bọ ẹnu. "Ìlànà ni, mà. Òun làwa onímọ̀ saikọ́lọ́jì fi ń to orúkọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọkàn ẹ̀dá là ń kọ́. Bí mo ṣe ń wò yín yìí, mo ti mọ ohun tó wà nínú yín."

"Kí ló wà ńbẹ̀?"

"Ìbẹ̀rù."

"Ebi ni." Ó na bébà sí i. "Gbà, yẹ̀ ẹ́ wò."

Gbóyèga gbà á. Ojú rẹ̀ ò tíì kọjá ìlà kẹta tó fi ṣíwọ́.

"Màmá, kí ló gbé Ògúnjìmí ṣáájú Àkàndé? A ló ń ṣáájú O!"

"Àgbà ló ń ṣáájú. Wọ́n bí Ògúnjìmí ní ’23, wọ́n bí Àkàndé ní ’45. Ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀: 23–41, 45–67. Ṣé n ó wá mú ọmọdé jókòó síwájú àgbà, nínú ìwé tí èmi Ìyá Àánú tẹ̀?"

"Ojú ìwé nìyẹn! Àkàndé, láti ojú ìwé 45 dé 67!"

"Ojú ìwé ni wọ́n bí i sí ni?"

"Kò sẹ́ni tí wọ́n bí! Ọdún wọn ló wà nínú àkámọ́ níbí. Ẹ wò ó, 1979. Ọdún tí Ògúnjìmí kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn."

Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì bú ramúramù.

"Ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀? Lẹ́yìn tó ti kú ní ’41?"

"Ìwé ló kọ, Màmá! Ìwé!"

"Ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Ó tiẹ̀ gbìyànjú. Àwọn mìíì á kàn kó ẹrù wọn gba Àgbádárìgì lọ ni."

"Ta ló kọ̀ ta báyìí?"

"Èmi lò ń bi? Ṣebí ohun tó o kọ sókè iṣẹ́ rẹ nìyí: ‘Ọkàn Àwọn Obìnrin Tí Ọkọ Kọ̀ Sílẹ̀’. Láti àná ni mo ti ń wá ọkọ yẹn. Mo ti wá rí i: Ògúnjìmí."

Òógùn ti ń bọ́ lójú Gbóyèga. Ó fi ìka tọ bébà lọ sísàlẹ̀, ó dúró, ó tún gbé ìka padà sókè.

"Màmá. Kí ni mò ń rí níwájú orúkọ wọn yìí? Olóògbé Àkàndé. Olóògbé Ògúnjìmí. Àpọ́sítélì Maimunat!"

"Ìyẹn ló ṣáájú gbogbo wọn, 112–130 lo kọ sí tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí nígbà tí ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí ni kí n pè é? Sístà?"

"Mùsùlùmí ni Maimunat!"

"Ọlọ́run kan náà là ń sìn."

Gbóyèga ti dé ìsàlẹ̀ bébà. Ó ń kà á bí ẹni ń ka ẹjọ́ ara rẹ̀: "Olóògbé Àrínọlá... òdòdó tó rẹ̀ láàárọ̀..."

"Ibẹ̀ gan-an lẹkún ti bọ́." Ìyá Àánú fa etí ìró nu ojú. "81–99. Ọmọ ọdún méjìdínlógún! Mo fi òdòdó yẹn ṣe é lóore ni, mi ò ní gbowó rẹ̀."

"Màmá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Àrínọlá ni súpáfáísọ̀ mi."

"Háà! Ta ló wá ń kọ́ yín láti ’99?"

"Wọ́n wà láàyè! Ẹ pa á rẹ́ kíákíá, kó tó di pé a fi ránṣẹ́ sí wọn!"

"Mo ti fi ránṣẹ́."

"Sí ta?"

"Sí ímeèlì tó o kọ sábẹ́ bébà. Ìwọ lo ní bí mo bá ti parí kí n tètè fi ránṣẹ́. Àbí kí n gbé òkú pamọ́ dè ọ́ ni?"

Gbóyèga rọra fìdí lé páálí bébà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ lérí. "Ó tán. Ọdún kan ti lọ. Mo pa súpáfáísọ̀ mi, mo sì fi òdòdó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́."

"Má sunkún mọ́, akọ̀wé mi. Ìwọ tó o mọ ọkàn ẹ̀dá, kí ló máa wà lọ́kàn wọn báyìí?"

"Ìbínú."

Fóònù Gbóyèga dún nínú àpò. Ó yọ ọ́, ó rí orúkọ tó wà lórí rẹ̀, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì na fóònù náà sí Ìyá Àánú bí ẹni na ejò. Ìyá Àánú wọ awò rẹ̀ padà, ó ń kà á sókè:

"‘Gbóyèga, mo ti rí i. Oyè kì í ṣáájú orúkọ nínú réfẹ́rẹ́ǹsì. Yọ Olóògbé kúrò. Yọ òdòdó. To orúkọ bí álífábẹ́ẹ̀tì. Ní ti Àrínọlá, o gbàgbé àmì ìdánudúró lẹ́yìn àkámọ́. Ọ̀rọ̀ àmì yìí dùn mí púpọ̀. Tún un ṣe wá lọ́sàn-án yìí, n ó buwọ́ lù ú.’"

Gbóyèga fò dìde. "Wọ́n á buwọ́ lù ú! Màmá, wọn ò bínú pé a pa wọ́n?"

"Ikú ò dùn wọ́n. Àmì ìdánudúró ló dùn wọ́n." Ìyá Àánú yí sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń mi orí. "Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́ o, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá lọ lóòótọ́, kí mọ̀lẹ́bí wọn má gbé ètò ìsìnkú yẹn wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n á ti inú pósí dìde wá mákì í."